Bàbá Kọ́kọ́rọ́, Ẹni Tó Mọ Ibi Tí Omi Ń Gbà

Ọjọ́ tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ní kí wọ́n tú odidi títì kan wò, orí àga ló wà. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí kò sí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ omi kan tó máa sọ̀rọ̀ olóògbé náà tí kò ní kọ́kọ́ sọ ti àga. Páìpù kan ló bẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Omi ń wọlé, àwọn tí wọ́n ti fá orí wọn dé ìdajì ń sá jáde tàwọn taṣọ lọ́rùn. Ohun tí wọ́n ń wá ni fáàfù, ìyẹn irin tó máa ń wà lábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n bá yí i, omi á dúró nínú páìpù. Ìdérí rẹ̀ ti wọnú iyẹ̀pẹ̀ tipẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà mọ́ àfi Bàbá Kọ́kọ́rọ́.

Bàbá dé tòun ti agboòrùn. Ó gba àga lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, ó gbé e sábẹ́ igi létí títì, ó fìdí lé e, ó wá na agboòrùn sí ọ̀ọ́kán. Ó ní ibẹ̀ yẹn ni, ọwọ́ òun lòun fi rì í. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n sún sí òsì díẹ̀. Wọ́n sún sí òsì, òfìfo. Ó ní àwọn tó gbin òdòdó ló ti yí ilẹ̀ po. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, kòtò ti gba iwájú onígbàjámọ̀ dé iwájú ayàwòrán, àwọn oníbàárà sì ń fò ó bí ewúrẹ́. Olórí àwọn agbẹ́lẹ̀, ọkùnrin síngbọnlẹ̀ kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ṣọ́bìrì, bi bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá ó dá a lójú. Bàbá náà bi í bóyá ó ti bi bàbá tó bí i lọ́mọ ní irú ìbéèrè yẹn rí.

Ìrọ̀lẹ́ ni bàbá tó dìde kó máa lọ sílé. Ẹsẹ̀ àga kan ti rì, ó há. Ó fà á, kò tú. Ó tún fà á, irin ló dún lábẹ́ rẹ̀. Ṣọ́bìrì bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò, ìdérí fáàfù bá yọjú, dúdú, rogodo, níbi tí bàbá fìdí lé láti àárọ̀. Gbogbo wọn dúró, ẹrẹ̀ dé orúnkún, wọ́n ń wò ó. Bàbá wo irin, ó wò wọ́n, ó pa agboòrùn rẹ̀ dé.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó," ó ní. "Ṣé ẹ rò pé mo kàn jókòó lásán ni? Mò ń ṣọ́ ọ ni."

Bí a bá perí akọni, idà la fi ń lalẹ̀. Ti bàbá yìí, kọ́kọ́rọ́ la máa fi lalẹ̀. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn o. Irin gbọọrọ ni, ó ga tó èèyàn tó dúró, ó ní apá méjì lókè tí wọ́n fi ń yí i, ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ sì ṣe wẹ́kú orí fáàfù. Irú ẹ̀ pọ̀ ní iléeṣẹ́ omi, àmọ́ èyí tó jẹ́ ti bàbá, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ń gbé e lé èjìká wọ ọ́fíìsì, ó ń gbé e lọ jẹun, kódà ó ń gbé e lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì gbé e kúrò lára ògiri lọ́jọ́ kan kó lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ gbá. Ó pẹ́ kí bàbá tó tún kí i, nígbà tó sì máa kí i, ó rán èèyàn sí i ni.

Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń ri páìpù. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti kó lọ sọ́nà jíjìn, àwọn tó kù ti wà lábẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú àwọn páìpù tí wọ́n rì. Àwòrán kan wà ní ọ́fíìsì tó yẹ kó fi ibi tí gbogbo fáàfù wà hàn, àmọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni wọ́n yà síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Níbi tí àwòrán ti ní kí páìpù lọ tààrà, àpáta ti ní kó yà, àwọn agbẹ́lẹ̀ sì gbọ́ràn sí àpáta lẹ́nu. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló kù tó mọ ohun tí àpáta sọ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù ni Ẹnjiníà. Bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tó ń darí ẹ̀ka àtúnṣe nìyẹn. Ọ̀gá bàbá ni, bẹ́ẹ̀ bàbá dàgbà tó ẹni tó lè bí i lọ́mọ. Nínú ọ́fíìsì, bàbá máa ń tẹrí ba fún un, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Ẹnjiníà, ṣé ẹ jí dáadáa?" Bí wọ́n bá ti wọnú kòtò báyìí, "ẹ" á ti pòórá, á ní, "Ìwọ, gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò lórí páìpù." Inú kì í bí Ẹnjiníà. Ó ní ọ́fíìsì ni wọ́n ti fi òun jọ̀gá, wọn ò fi òun jọ̀gá nínú ẹrẹ̀.

Ohun tó ń ba Ẹnjiníà lẹ́rù kì í ṣe kékeré. Ìgbà kan, bàbá lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ìlú míì, páìpù ńlá tó wà nísàlẹ̀ òkè bá bẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ fáàfù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá a tì, wọ́n ní láti ti omi pa látẹnu táǹkì ńlá, gbogbo ìlú bá gbẹ. Wọ́n dá àwọn ọmọ ilé ìwé padà sílé. Àwọn èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo, wọ́n ń wo Ẹnjiníà bó ṣe ń kọjá. Ní ilé ìwòsàn, agbẹ̀bí kan jáde tòun ti ọmọ tuntun nínú aṣọ, ara ọmọ náà ò tíì mọ́. Kò pariwo. Ohun tó sọ ò ju pé, "Ẹnjiníà, kí ni kí n fi wẹ ọmọ yìí?"

Ẹnjiníà fúnra ẹ̀ ló lọ fi kẹ́ẹ̀gì pọn omi wá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá àgbà wá pè é, tó ní bàbá máa fẹ̀yìn tì lópin ọdún, pé kó yáa gba gbogbo ohun tó wà nínú orí àgbàlagbà náà kó tó lọ, kò sí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là yé e. Ó ti mọ̀ pé bí bàbá bá bá tiẹ̀ lọ láìsọ ohun tó mọ̀, òun náà lòun máa tún lọ dúró níwájú agbẹ̀bí yẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bàbá kì í dáhùn ìbéèrè. Ìtàn ló máa ń sọ. Bó o bá bi í pé ibo ni fáàfù ilé ìwé wà, á kọ́kọ́ sọ ẹni tó ni ilẹ̀ ilé ìwé, ìjà tó wà láàárín òun àti àbúrò ẹ̀, ajá tí àbúrò náà ń sìn, àti bí ajá náà ṣe jẹ oúnjẹ ọ̀sán àwọn agbẹ́lẹ̀ tán tó sì sùn lé orí ìdérí fáàfù. Ẹni tó ń gbọ́ ọ á ti máa tòògbé kí ajá náà tó sùn. Bẹ́ẹ̀, bó o bá ní kó yá díẹ̀, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, torí ó ní o ti da òun lọ́rọ̀ rú.

Àwọn ìtàn náà ò sì dúró sójú kan, ńṣe ni wọ́n ń dàgbà. Ó fẹ́ràn kó máa sọ bó ṣe fẹ̀yìn dí páìpù tó bẹ́ títí àwọn tó kù fi mú irin ìdè wá. Nígbà tó kọ́kọ́ ń sọ ọ́, páìpù náà tó ọrùn ọwọ́. Nígbà tó yá, ó tó itan. Lọ́dún tó máa fẹ̀yìn tì, èèyàn lè gun kẹ̀kẹ́ gba inú ẹ̀ kọjá. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà, gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un lọ́jọ́ kan, ó bá a lẹ́nu ìtàn náà. Ó dúró, ó gbọ́ ọ dé ibì kan, ó wá bi í pé ṣé ọjọ́ tó yọ̀ ṣubú lé páìpù tí kò lè dìde nínú ẹrẹ̀ ló ń sọ ni. Bàbá ní ìṣubú náà wà lára ètò.

Nígbà tó sú Ẹnjiníà, ó bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi yọ ìtàn kúrò. Ibi tó wà nìkan ni mo fẹ́ mọ̀."

Bàbá wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. "Ibi tó wà nìkan?"

"Ibi tó wà nìkan, sà."

Bàbá bá sọ ọ́. Ti orí òkè, igun ilé káfíńtà, àárín ògiri àti òpó iná, kò jìn ju orúnkún lọ. Ọ̀rọ̀ náà tán kí Ẹnjiníà tó mí. Inú ẹ̀ dùn, ó ní áà, àṣé béèyàn ṣe ń bá bàbá yìí ṣe é nìyí.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, páìpù kan bẹ̀rẹ̀ sí í jò díẹ̀díẹ̀ lórí òkè, lẹ́yìnkùlé alágbàfọ̀. Ẹnjiníà àti Ṣọ́bìrì lọ síbẹ̀. Wọ́n bá fáàfù níbi tí bàbá ní ó wà gẹ́lẹ́. Ẹnjiníà ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó yí i sí ọ̀tún bí wọ́n ṣe ń ti gbogbo fáàfù tó mọ̀ láyé. Omi tó ń jò bá ń tú jáde. Ó rò pé òun ò tíì yí i tó, ó fi kún un. Ni omi bá dìde dúró ṣánṣán, ó gbá gbogbo aṣọ tí alágbàfọ̀ sá kúrò lórí okùn, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọ̀gá ilé ìwé lọ sórí páànù. Ẹnjiníà dúró, ó tẹ́tí, ó ronú, ó wá yí kọ́kọ́rọ́ sí òsì. Omi rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Alágbàfọ̀, tí omi ń kán lórí rẹ̀, ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú, pé ó ṣì ku kí òun fi omi ṣan aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀.

Bàbá ń ti búrẹ́dì bọ tíì lọ́wọ́ nígbà tí Ẹnjiníà wọlé dé, gbogbo ara ẹ̀ tutù. Ó ní bàbá ò sọ fún òun pé òsì ni wọ́n ń ti àwọn fáàfù orí òkè sí.

"Inú ìtàn ló wà," bàbá ní. Ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán kó tó tẹ̀ síwájú. Àṣé ọ̀gá tó ṣe omi orí òkè nígbà náà ń bá ẹni tó ń tọ́jú ẹrù ní sítóò jà, ló bá lọ ra fáàfù tiẹ̀ níbòmíì. Nígbà tí wọ́n rì wọ́n tán ló rí i pé òdì ni wọ́n ń yí. Kàkà kó gbà pé òun ṣì í rà, ó ní bó ṣe yẹ kí tòkè rí nìyẹn. "Mo fẹ́ sọ gbogbo ẹ̀ fún ẹ, ìwọ lo ní kí n yọ ọ́."

Ẹnjiníà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà á. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti ní kí bàbá sọ̀rọ̀, á ní kó má yọ nǹkan kan o, kó kó o wá tajá tẹran. Bàbá ò sì jẹ́ kó gbàgbé. Ó pẹ́ gan-an tó jẹ́ pé bó bá pàdé ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ní í kí i lẹ́nu, á kàn yí ọwọ́ ẹ̀ sí òsì, á máa bá tiẹ̀ lọ.

Ọdún parí kí ìtàn tó parí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dágbére fún un, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì ìpàdé, wọ́n to bisikíìtì sí i. Ọ̀gá àgbà yìn ín, ó wá ní kí bàbá fa kọ́kọ́rọ́ lé iléeṣẹ́ lọ́wọ́. Bàbá gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, omi lé ròrò sójú rẹ̀, obìnrin tó ń gbálẹ̀ pàápàá nu ojú. Ọjọ́ kejì, Ṣọ́bìrì gbé kọ́kọ́rọ́ náà lọ síbi iṣẹ́, kò bá fáàfù kankan mu. Ògbólógbòó irin kan tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ ni bàbá wá nínú àwọn àlòkù, tó kùn ún lọ́dà, tó wá fi omijé fà lé wọn lọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀ kan tí Ẹnjiníà kọ́kọ́ lọ kí i nílé ló rí ojúlówó kọ́kọ́rọ́ náà lẹ́yìnkùlé, òun ló gbé okùn aṣọ dúró. Ẹnjiníà wò ó, kò sọ nǹkan kan. Bàbá rí i pé ó wò ó, òun náà ò sọ nǹkan kan. Ìyá Àgbà tó ń ká aṣọ ló sọ̀rọ̀. Ó ní látọjọ́ tí òun ti fẹ́ ọkùnrin yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí irin yẹn máa wúlò nínú ilé.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀ ṣe di ọjọ́ ìtàn. Bí iṣẹ́ bá ti parí, Ẹnjiníà á gba ilé bàbá lọ, á mú òṣìṣẹ́ kan dání, ẹlòmíì lọ́sẹ̀ yìí, ẹlòmíì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Fáàfù kan ṣoṣo ni bàbá máa ń sọ lọ́jọ́ kan. Ẹnjiníà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ méjì, bàbá ní àjẹjù kì í ṣara lóore. Ó gbé búrẹ́dì wá, bàbá gba búrẹ́dì, kò fi fáàfù kún un. Bí wọ́n bá dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ìtàn lánàá á dúró sójú àwọn tó kù, á tún un sọ látòkè délẹ̀. Ẹni tó bá fo nǹkan kan, Ṣọ́bìrì á ní kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ wá fáàfù náà jáde, wọ́n á tú ìdérí rẹ̀, wọ́n á fi gírísì sí i, wọ́n á yí i wò. Díẹ̀díẹ̀, ohun tó wà nínú orí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í wà nínú orí ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Nígbà òjò, páìpù ìsàlẹ̀ òkè tún bẹ́. Ṣọ́bìrì ló sáré lọ. Ó ń sọ ìtàn náà lábẹ́ ẹnu bó ṣe ń rìn, ó yà níbi tí ìtàn ti yà, ó dúró níbi tí ìtàn dúró, ó gbẹ́ ibẹ̀, ó yí i, omi dá. Ẹnjiníà sáré gba ilé ìwòsàn lọ láti tọrọ àforíjì. Agbẹ̀bí ní kí ló ṣẹlẹ̀, òun ò rí kí omi dá o, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ ọmọ méjì tán ni. Ẹnjiníà padà sínú ọkọ̀, ó gbé orí lé ọwọ́, inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ohun tó kàn mọ́.

Síbẹ̀, ọ̀kan-ọ̀kan tí bàbá ń sọ ọ́ yìí ń ká a lára. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Ìyá Àgbà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sọ ọ́ fún un. Ó ní kí ló dé tí bàbá ò lè sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó sinmi?

Ìyá Àgbà wo ẹ̀yìn kó tó dá a lóhùn. "Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan wà tó ń ṣọ́ táǹkì ńlá tẹ́lẹ̀. Nígbà tíyẹn fẹ̀yìn tì, ọ̀sẹ̀ kan ló fi ro gbogbo ohun tó mọ̀ fún wọn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Látọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn ẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ló ń ba bàbá yín, ọmọ mi. Kò ní í sọ ọ́, orí kunkun ò ní í jẹ́ kó sọ ọ́. Àmọ́ láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló ti máa ń fá irùngbọ̀n."

Látìgbà náà, Ẹnjiníà ò tún ní kó jẹ́ méjì mọ́.

Ó wá di ọ̀sẹ̀ kan, bàbá ní fáàfù kan kù tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ láyé yìí àfi òun. Ó ní ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré ló wà, pé ìyá gbogbo fáàfù ni. Ìtàn rẹ̀ dùn ju gbogbo èyí tó ti sọ tẹ́lẹ̀ lọ. Adájọ́ kan wà nínú ẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan wà nínú ẹ̀, obìnrin kan sì ju òrùka ìgbéyàwó sínú kòtò. Ṣọ́bìrì ló bá Ẹnjiníà wá lọ́jọ́ yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí àga mú.

Ọjọ́ kejì, wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé orúnkún, wọ́n gbẹ́ ẹ dé ìbàdí, wọ́n gbẹ́ ẹ débi tó jẹ́ orí Ṣọ́bìrì nìkan ni wọ́n ń rí. Kò sí nǹkan kan. Ṣọ́bìrì ní bóyá kí wọ́n sún sí òsì. Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ létí kòtò, ó wo ara ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ dúdú wà lórí, ilẹ̀ pupa wà lábẹ́, wọ́n tò bí Ọlọ́run ṣe tò wọ́n, gbòǹgbò igi ti gba inú wọn kọjá láìsí ibi tó gé. Ẹni kankan ò gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ rí. Ẹnjiníà ò bínú. Ó mọ̀ pé fáàfù ti tán nínú orí bàbá.

Ó ní kí wọ́n dí kòtò náà. Ṣọ́bìrì ní ṣé kí àwọn lọ bi bàbá ni. Ẹnjiníà ní rárá, òun fúnra òun máa bi í. Nígbà tó jábọ̀ fún ọ̀gá àgbà pé iṣẹ́ náà ti parí, ọ̀gá àgbà dúpẹ́, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, Ẹnjiníà á lè máa fi Ọjọ́bọ̀ ṣe nǹkan gidi báyìí. Ẹnjiníà ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, òun nìkan ló lọ. Bàbá ti fá irùngbọ̀n, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́. Kò jẹ́ kó kí i tán tó fi bi í.

"Ṣé ẹ rí i?"

"A ò rí i, Bàbá."

"Ẹ ò gbẹ́ ẹ jìn ni."

"A gbẹ́ ẹ jìn, sà."

"Ẹ̀gbẹ́ ibo lẹ gbẹ́? Ó lè jẹ́ pé apá ọ̀hún..."

"Bàbá." Ẹnjiníà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọkọ́ kankan ò kan ilẹ̀ yẹn rí."

Abọ́ tí Ìyá Àgbà ń fọ̀ nínú ilé ìdáná dákẹ́. Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ra àtẹ́lẹwọ́ tí irin ti sọ di líle. Ẹnjiníà ò tíì rí i kó máa wá ọ̀rọ̀ rí, ó ṣe é láàánú.

"Ó ti tán, ọmọ mi," ó ní nígbẹ̀yìn. "Èyí tó wà lẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì ni ìkẹyìn. Mi ò ní òmíì tí mo lè fún ẹ."

Ẹnjiníà ti ro ohun tó máa sọ láti ilé wá, gbogbo ẹ̀ fò lọ.

"Ó dáa," ó ní. "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ máa wà nílé?"

"Kí lo tún fẹ́ wá gbà?"

"Mi ò wá gba nǹkan kan. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ wá kí."

Bàbá yíjú sí fèrèsé, ó húkọ́ láìsí ikọ́ kankan. Nígbà tó yá, ó pariwo sí Ìyá Àgbà pé kí ló dé tí wọn ò tíì fún àlejò ní tíì látàárọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá tẹ̀ síwájú, ó rọra sọ ọ́ bí àṣírí pé fáàfù ni kò sí o, ọ̀rọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn, òótọ́ ni.

Àwọn Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ló dára jù. Bàbá ò ní fáàfù tó ń dí i lọ́wọ́ mọ́, ló bá tú ẹnu sílẹ̀. Ṣọ́bìrì ń wá láìsẹ́ni tó rán an. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wá lẹ́ẹ̀kan, bàbá kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì fún un láyè kó di kọ́kọ́rọ́ náà mú. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bímọ, adájọ́ sọ ọmọ náà lórúkọ. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí bàbá yá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá jẹun tán, ó ní kí òun rẹjú díẹ̀, kò sì jí mọ́. Kò jẹ̀rora, kò da ẹnikẹ́ni láàmú. Níbi ìsìnkú, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ omi tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnì kan sọ ìtàn àga lábẹ́ ẹnu, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì fún ẹ̀rín, àwọn ará àdúgbò rò pé ẹkún ni. Ẹkún náà wà níbẹ̀. Ẹnjiníà ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ parí, ẹsẹ̀ Ẹnjiníà gbé e lọ. Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló tó rántí pé kò sẹ́ni tó ń retí òun mọ́. Ó dúró, ó fẹ́ máa padà. Ìyá Àgbà ṣílẹ̀kùn kó tó yí ẹ̀yìn.

"Mo ti ń wò ẹ́ lójú fèrèsé," ó ní. "Ṣé ìdúró lo wá ni? Wọlé."

Tíì ti wà lórí tábìlì. Ìyá Àgbà jókòó, ó tẹ́ aṣọ lé itan, ó ní ìtàn kan wà tí ọkùnrin yẹn ò jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi lọ, torí pé ó ba orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọge, ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé bàbá òun jò, wọ́n ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ omi, wọ́n bá rán ọ̀dọ́kùnrin kan wá. Ó tún un ṣe, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ tún jò. Ọ̀dọ́kùnrin náà tún wá. Ọ̀sẹ̀ kẹta, bákan náà. Gbogbo ọdún yẹn ló fi ń wá. Bàbá Ìyá Àgbà bínú, ó ní irú oníṣẹ́ wo nìyí, òun fẹ́ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá rẹ̀.

"Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lọ," Ìyá Àgbà ní. Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ń tàn, omi wà nínú rẹ̀. "Ojú fèrèsé ni mo máa ń dúró sí. Èmi nìkan ni mo ń rí i bó ṣe máa ń tú ẹ̀rọ náà sílẹ̀ díẹ̀ kó tó lọ."